Obìnrin Kotobabi Tí N Kò Wo Ojú Rẹ̀

Ìdájí ni mo kúrò ní Ìbàdàn, nígbà tí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa kò tíì pe ìrun. Títílayọ̀, ọmọ mi obìnrin, ló fi iná fóònù rẹ̀ tàn mí dé ẹnu géètì. Ó ti di mọ́ínmọ́ín eléwé àti gààrí Ìjẹ̀bú sínú àpò mi, bí ẹni pé kò sí oúnjẹ ní Ghana.

"Dádì, ẹ ṣì lè pè wọ́n lórí fóònù."

"A kì í fi fóònù túfọ̀ fún àgbàlagbà, Títí."

Ó gbé àpò náà kọ́ mi léjìká. Ọkọ̀ dé, mo wọ̀ ọ́.

Ìyàwó mi ni mo ń lọ túfọ̀ rẹ̀. Mojísọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí òwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, àti ohun tí ọjà òkè òkun ń ṣe fún àwọn tó ń tajà nílẹ̀ wa. Àwọn ìwé tí òun kà, tí èmi náà fi kọ́ àwọn ọmọ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, sọ pé bí ọjà olówó pọ́ọ́kú bá ti òkèèrè dé, ará ìlú yóò jàǹfààní rẹ̀, àwọn tí ọjà náà bá sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn yóò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìwé fi sọ ìyẹn, ó sì kọjá lọ. Mojísọ́lá lo ìyókù ayé rẹ̀ nídìí gbólóhùn náà. "Iṣẹ́ mìíràn wo?" ni ó máa ń wí. "Níbo?" Lọ́dọọdún ni ó ń lọ sí ọjà Makola ní Accra láti bi àwọn obìnrin Yorùbá tó ń ta aṣọ níbẹ̀ léèrè. Ìbéèrè kan náà ni lọ́dọọdún, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó kú. Àìsàn náà kò pẹ́. Nígbà tí mo fi lè dá dúró dáadáa, òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin Makola kò sì tíì gbọ́, nítorí mo ti kìlọ̀ fún ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n. Ìròyìn ikú àgbà, ẹsẹ̀ ni a fi ń gbé e. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí náà bẹ̀ mí pé bí mo bá ti débẹ̀, kí n bá wọn béèrè ìbéèrè ti ọdún yìí, kí iṣẹ́ rẹ̀ má baà já ní agbede méjì. Mo gbà.

Láti Èkó ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà sí Accra. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo sì rí ìjókòó lẹ́yìn awakọ̀. Ọ̀nà Badagry ṣì rí bí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ní ibodè Sẹ̀mẹ̀, àwọn tírélà tò lọ bí ojú ti lè ríran mọ. Àwọn awakọ̀ wọn ti so ibùsùn olókùn sí abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń sùn bí ẹni wà nílé. Mojísọ́lá ka ìwé àdéhùn fún mi rí lórí ibùsùn, níbi tí àwọn ìjọba wa ti fẹnu kò pé kí ọjà máa kọjá láàárín wa láìsí ìdíwọ́. Okùn tí wọ́n nà sójú ọ̀nà ní Sẹ̀mẹ̀ kò tíì ka ìwé náà.

Nílẹ̀ Benin, inú ìgò gíláàsì ni wọ́n ń ta bẹntiróòlù sí lẹ́bàá títì, ó pupa bí epo. Àwọn ọlọ́kadà wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféfèé kan náà, wọ́n ń pè wọ́n ní zémì. Títí dé Kutọnu, bí mo bá sọ Yorùbá, ẹni tó ń ta nǹkan á dá mi lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, Yorùbá dákẹ́. Nígbà tí a wọ Lomé, òkun wà lápá òsì wa, ó súnmọ́ títì tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé iyanrìn wọ ọkọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àǹkárá máa ń gbà wọ ilẹ̀ wa. Wọ́n kó wọn jọ gègèrè sínú ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ń ṣá àwọn ti òde.

Aflao ni ibodè Ghana. Ọ̀gá ìlera kan gba káàdì abẹ́rẹ́ mi, ó wò ó, ó sì na ọwọ́ sí mi lẹ́ẹ̀kejì.

"Ti màdáámù ńkọ́?"

"Màdáámù wo?"

Ó wo ẹ̀yìn èjìká mi. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ dé."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ òdòdó ni mo rí, àti bẹ́ńṣì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí.

Awakọ̀ wa, Yao, ọmọ ẹ̀yà Ewe ni, ó ti gbé Ajégúnlẹ̀ ní Èkó rí. Nígbà tí ó gbọ́ mi lórí fóònù pẹ̀lú Títí, ó yọjú sí mi nínú dígí.

"Baba, Alata ni yín, àbí?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀: Alata. Àwọn mìíràn a ní Anago.

"Alata ni mí."

"Ẹ rí i pé ọ̀nà tiwa kì í fi kòtò bú ènìyàn bíi tiyín."

"Ó ń bú. Eré tí ẹ̀ ń sá ni kò jẹ́ kí a gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi lu sítíárín. Ní Sogakope, níbi tí afárá gígùn ti gbé wa kọjá odò Volta, ó dúró kí a ra nǹkan. Àwọn obìnrin gbé búrẹ́dì àti ẹja wẹ́wẹ́ díndín sórí, wọ́n ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Búrẹ́dì ńlá kan jẹ́ sídì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú owó wọn, ó sì rọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ, ṣùgbọ́n ṣúgà rẹ̀ pọ̀. Yao béèrè ẹni tí mò ń lọ bá. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ni, n kò rí wọn tipẹ́.

"Ẹ ó rí wọn," ó ní. "Gbogbo ẹni tí ìlú yín bá ń wá, Accra ló wà."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tán nígbà tí mo dé Mamobi. Àdúgbò oníṣòwò kékeré àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní Accra ni. Ọ̀nà rẹ̀ tóóró, ilé rẹ̀ so mọ́ra, àwọn ọmọ kéwú sì ń ké lórí wàláà ní ojúlé kejì sí ibi tí mò ń lọ. Ilé Àlàájà Sàlámátù ni. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, Accra ni wọ́n bí i sí, Makola ló sì ti ń ta aṣọ láti ìgbà ọmọge. Ilé rẹ̀ ni ìyàwó mi máa ń dé sí. Mo rò pé yóò pariwo ayọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbà lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ Ìyá Ìbéèrè. Ṣé ọ̀dọ̀ ìyàwó yín lẹ ti ń bọ̀?"

"Rárá o, Àlàájà. Ìbàdàn ni."

"Ẹn-ẹn. Ẹ wá fi Kotobabi sílẹ̀, ẹ wá kí àwa mẹ̀kúnnù ní Mamobi."

N kò lóye. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó gbé ìròyìn ikú wá kì í sọ ọ́ kí ó tó mu omi, kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnì kan nígbà tó jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Mo mu omi. Ràfátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí òun náà ní ìsọ̀ ní Makola, gbé wákyé wá fún mi: ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè pọ̀ títí ó fi pọ́n, wọ́n sì fi ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣítọ̀ sí i. Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni Àlàájà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bí a bá ṣẹ̀ ẹ́, kí ẹ sọ fún wa. Obìnrin tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́dọọdún! Ó wá dé Accra, ó gba ṣọ́ọ̀bù sí Kotobabi, ó ń ta ọṣẹ, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Mo rí i ní Makola lọ́jọ́ Jímọ̀, mo kí i, ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri."

"Ìyàwó mi?"

"Ta ni mò ń wí láti ìrọ̀lẹ́? Ìyá Ìbéèrè, pẹ̀lú èjí rẹ̀, pẹ̀lú ìrìn rẹ̀ bí ẹni ń ka ilẹ̀. Àbí ẹ ti kọ ara yín ni?"

Mo ní a kò kọ ara wa. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

Orí bẹ́ẹ̀dì tí Mojísọ́lá máa ń sùn ni wọ́n tẹ́ mi sí. N kò ní sọ nǹkan kan nípa oorun náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí nílé mọ ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lọ́kàn. Màmá mi máa ń sọ ọ́: ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé á lọ gbé ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n, á máa tajà, á máa jẹun, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bímọ. Àkúdàáyà. Bí ojú rẹ̀ àti ojú ará ilé rẹ̀ bá fi lè ṣe mẹ́rin, ọjọ́ náà ni yóò fi ìlú náà sílẹ̀, a kò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìjọ mi kò gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn kò gbà gbọ́ nílé lè jókòó tì í nílẹ̀ òkèèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ̀lé wọn lọ sí Makola. Àwọn obìnrin alárùú ń gbé agbada irin ńlá sórí, wọ́n ń ké "Agoo!" kí a lè yà fún wọn. Àgò ni àwa náà ń wí; etí mi gbà á kí n tó rántí pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni mo wà. Aṣọ ni gbogbo ibi tí mo kọjú sí. Níbẹ̀, àǹkárá tí kò ní orúkọ kì í tà. Àwọn tó ń tà á ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, bí ẹni ń sọmọ: wọ́n fi èyí kan hàn mí tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ "Ilé ọkọ kò jìnnà." Bí orúkọ bá mú, aṣọ mú. Nígbà náà ni ẹnì kan ní òkè òkun á da aṣọ náà kọ, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé àdàkọ dé kí èyí tó kọ́kọ́ jáde tó tà dé ìdajì. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fún mi. Ojú wọn jọra bí ìbejì. Ìgbà tí wọ́n yí wọn padà ni mo rí i pé ẹ̀yìn àdàkọ náà funfun bí ẹni tí ẹ̀rù bà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ Àlàájà ti kóra jọ láti kí mi. Mo rí i pé àkókò tó. Bí a ti ń ṣe é nílé ni mo ṣe é: mo dìde, mo ṣí fìlà mi, mo fi í lé àyà.

"Ẹ̀yin ìyá wa, iṣẹ́ kan ni mo jẹ́ wá."

"Ẹ dé fìlà yín!" Ìyá Súlè ni, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nrọ̀n kan tó ń ta léèsì ní ìsọ̀ kejì. "Ẹ má bá a bẹ̀ wá. Ọkọ kì í bá aya jẹ̀bi. Kí òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá."

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni—"

"Ẹ̀bẹ̀ ni! Ọkùnrin kì í ṣí fìlà lásán. Ẹ ò rí ojú rẹ̀ bí? Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìbéèrè ti fi ìgbéraga pa ọkọ rẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ní ìbínú nínú. Mo dúró pẹ̀lú fìlà láyà. Ràfátù ló wá fà mí lápá lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn páálí òfìfo sí.

"Baba, kí ló dé? Ojú yín ò dáa."

"Ràfátù, Mojísọ́lá ti kú. Láti ìgbà ọyẹ́. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ó fi ọwọ́ lérí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ju bí ó ti ń sọ ọ́ lọ, ó sì ń wá ọ̀rọ̀. "Ei! Mepa wo kyɛw, Baba. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má sọ ọ́ níbí."

"Wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́."

"Obìnrin yẹn, mo máa ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí Makola bá gbọ́ pé ìyàwó yín ti kú, wọ́n máa ní àkúdàáyà ni. Kẹ́ẹ tó dé Aflao, gbogbo Accra ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa ra ọṣẹ mọ́. Onílé máa lé e. Ènìyàn ni, Baba! Mo ti rí i tó ń jẹ kẹ́ǹkẹ́."

"Màmá mi ní wọ́n máa ń jẹun."

Ó wò mí bóyá àwàdà ni mò ń ṣe. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Bí ọ̀ràn náà ti rí nìyí. Bí obìnrin náà bá jẹ́ àlejò lásán tó jọ ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni yóò ba òwò rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá jẹ́ àlejò, ojú mi ni yóò lé e. Bí mo bá sì dákẹ́, tí mo padà sílé, orúkọ Mojísọ́lá yóò di orúkọ agbéraga lọ́jà tí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀.

"Mú mi débẹ̀," mo wí.

Trotro ni wọ́n ń pe ọkọ̀ akérò kéékèèké tiwọn. Méètì, ìyẹn kọ́ńdọ́, yọ orí síta, ó ń pe "Kotobabi, Kotobabi!" títí ọkọ̀ fi kún. Owó ọkọ̀ kò tó ti àkàrà ẹlẹ́yọ kan àti ẹ̀kọ nílé wa. Mo ṣàkíyèsí pé wọ́n ń fún àgbà ní ṣéńjì kí wọ́n tó fún ẹlòmíràn, ìyẹn sì wù mí. A sọ̀kalẹ̀, Ràfátù yíjú sí mi.

"Baba, ṣé ẹ máa wo ojú ẹ̀?"

"N kò mọ̀."

Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ni Kotobabi kún fún, ọ̀kan fara ti èkejì: aránṣọ, onífóònù, afáríkùnrin. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní òdìkejì títì. Mo rí ọṣẹ tí wọ́n tò bí bíríkì sórí tábìlì, mo rí ẹsẹ̀ ìró kan, mo sì rí ọwọ́ kan tó ń tún ọṣẹ náà tò. Ibẹ̀ ni mo ti mú ojú kúrò. Mo wo ilẹ̀, mo dá títì kọjá. Bẹ́ńṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Mo jókòó sí i, mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

Ràfátù wọlé, mo sì gbọ́ tí ó ń ṣàlàyé pé bàbá yìí ti Nàìjíríà wá, ìbéèrè nípa òwò ni ó ń béèrè káàkiri. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn mi, ní Yorùbá.

"Bàbá, ẹni tó kẹ̀yìn sí ọlọ́jà, kò fẹ́ rà nìyẹn."

"Ẹ má bínú, ìyá. Oòrùn yìí ni. Ojú mi kò gbà á."

"Iwájú yín ni oòrùn wà. Òjìji ló wà lọ́dọ̀ mi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀, bó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ràfátù, fún bàbá lómi."

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ni. Ohùn obìnrin tó ti ń polówó ọjà tipẹ́ ni, ó há díẹ̀. Ohùn Mojísọ́lá há nígbà àìsàn náà. Bí ó ti rí kí ó tó há, mo wá a lórí bẹ́ńṣì yẹn, n kò rí i. Kò sí ohun tó dùn mí ní gbogbo ìrìn àjò náà tó ìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, gẹ́gẹ́ bí Mojísọ́lá ti máa ń ṣe, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì.

"Kí lẹ ń tà kí ẹ tó máa ta ọṣẹ?"

"Aṣọ. Ní Kúmásì."

"Kí ló dé tí ẹ fi kúrò nídìí aṣọ?"

"Mo ra àǹkárá kan, mo sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì mú. Kí n tó tà á dé ìdajì, àdàkọ rẹ̀ ti dé. Wọ́n ń tà á ní iye tí èmi kò lè rà á. Èyí tó dùn mí ni pé orúkọ tí mo sọ ọ́ ni wọ́n ń fi pe tiwọn. Àwọn oníbàárà mi á wá, wọ́n á ní, 'Maame, tìrẹ ni ayédèrú.'"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo sùn."

"Ẹ sùn?"

"Mo sùn sínú yàrá, n kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Wọ́n ní mi ò ní dìde mọ́. Nígbà tí mo dìde, n kò fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ mí rí mi. Mo wá síbí, mo mú orúkọ mìíràn. Títí dòní, bí mo bá gba àárín àwọn aláṣọ kọjá, n kì í wo ẹnikẹ́ni lójú. Bí wọ́n bá kí mi, mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni."

Alùpùpù kan kọjá, eruku dìde.

"Ìyàwó yín ńkọ́, bàbá?"

Kò sí nínú ìbéèrè mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó ronú. "Ó ti kú."

N kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn mi, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà: "Ẹ kú àfẹ́kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ ńkọ́?"

"Ọ̀kan ni. Títílayọ̀."

"Títílayọ̀," ó tún un pè, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé nǹkan wò bóyá ó wúwo. "Ẹ bá mi kí i."

Ìbéèrè ìgbẹ̀yìn ni ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí a sọ fún àwọn tó ń ṣe òfin òwò. Mo bi í.

"Ẹ ní kí wọ́n wá ra ọṣẹ!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gígùn ni, ó ń ga sí i, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọrùn mi fẹ́ yí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ńṣì mú. Mo mọ̀ pé bí mo bá yíjú, tí kò bá jẹ́ òun, n ó tún sọ ọ́ nù. Bí ó bá sì jẹ́ òun, n ó tún sọ ọ́ nù. Mo jókòó títí ẹ̀rín náà fi tán. Mo dúpẹ́, mo dìde, mo sì wo iwájú títí mo fi dé òdìkejì títì.

Nígbà tí a padà dé Makola, wọ́n ti ń dúró. Èmi tí mo ti ìlú mi wá láti sọ pé ìyàwó mi kú, ohun tí mo sọ nìyí:

"Ẹ̀yin ìyá wa, mo lọ bá a. Ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe ìgbéraga. Àìsàn ló ṣe é, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò mọ èmi náà."

Irọ́ ni mo pa, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Àlàájà ju tẹ̀súbà rẹ̀ sórí aṣọ.

"Yéè! A sì ń bú u! Mo ní ó wò mí bí ògiri!"

"Mo ti sọ pé nǹkan ló ṣe é," Ìyá Súlè wí, ẹni tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó nu ojú. "Ọṣẹ ilé mi tilẹ̀ ti tán. N ó lọ lọ́la."

"Bí ó bá wá sọ pé òun kọ́ ńkọ́?" Àlàájà bi mí.

"Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sáà ra ọṣẹ yín."

Ràfátù ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n jókòó, tí wọ́n sì dáhùn gbogbo ìbéèrè mi láìfi nǹkan kan pamọ́, nítorí Ìyá Ìbéèrè tí ara rẹ̀ kò yá.

Ọjọ́ kejì ni mo gbéra nílé Àlàájà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti di ọṣẹ dúdú àti egbò igi kan sínú ọ̀rá fún mi, ó ní wọ́n dára fún ìgbàgbé, kí n máa fi fún un bí ó bá wá sílé. N kò lè kọ̀ ọ́. Yao kọ́ ló wà wá padà; awakọ̀ tiwa kò sọ̀rọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kò bú ẹnikẹ́ni títí a fi dé Lomé. Ní Sẹ̀mẹ̀ ni fóònù mi tó tún rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ohùn tí Ràfátù gbà sílẹ̀ fún mi sì wọlé.

"Baba, wọ́n lọ ní àárọ̀ yìí. Ó ní òun kọ́. Wọ́n ní, ‘A mọ̀.’ Wọ́n ra ọṣẹ gan-an. Màámi jókòó tì í, ó sọ gbogbo nǹkan fún un, gbogbo nǹkan tí ìyàwó yín máa ń ṣe. Kò lé wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó ní orúkọ yẹn, Ìyá Ìbéèrè, ó dáa. Ó ní òun máa mú un."

Mo gbọ́ ọ tán, mo tún un gbọ́. Àwọn awakọ̀ tírélà ṣì ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ wọn.

Títílayọ̀ wà ní géètì nígbà tí mo dé. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn, Dádì?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Kò bínú. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti ní kí n kí i, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì pẹ́ kí ó tó dìde.

Mo ti kó ìdáhùn àwọn obìnrin náà fún àwọn tó ń bá iṣẹ́ Mojísọ́lá lọ. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò náà kò gùn. Òótọ́ ni ìwé wí: àwọn tí ọjà òkèèrè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn ń rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìwé kò sọ fún wa pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kejì náà lè máà jẹ́ ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ mọ́, àti pé nǹkan kan ní láti kú láàárín méjèèjì.

Ní Ìbàdàn, wọ́n ṣì ń kí mi kú àfẹ́kù, mo sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, fóònù máa ń dún láti Accra. Àlàájà ni, pẹ̀lú Ìyá Súlè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní òjò wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbéèrè ní Kotobabi, wọ́n bá a kó ọjà sókè. Wọ́n á ní ó ti ń sanra, ó sì rántí orúkọ Ìyá Súlè lọ́jọ́sí. Mo máa ń gbé àga súnmọ́ fèrèsé, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn dáadáa.

"Ó jẹun lónìí?" mo máa ń bi wọ́n.

"Ó jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán."